Mùtíù Kò Sùn Nídìí Ọkọ̀, Táyà Mi Ló Bẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí ẹni tó mọ̀ mí ní Mushin bá fura pé èmi ni mo kọ èyí, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ rín. Aláwàdà ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá kí èèyàn pé ẹ kú àárọ̀, á ti máa yẹ ara rẹ̀ wò bóyá aṣọ rẹ̀ ti ya lẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àwàdà. Ó ti wà níkùn mi láti ọdún tó ṣáájú èyí tí àrùn kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé. Mo ba iṣẹ́ ọkùnrin kan jẹ́, mo sì ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Táyà ni mo fi ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Tí ẹ bá bi mí èwo ló burú jù nínú méjèèjì, n ò ní mọ èsì tí n ó fún yín.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé obìnrin tó ni ọkọ̀ tí ọkùnrin yìí ń wà nígbà náà ti ra ọkọ̀ mìíràn. Ó fẹ́ gbé e lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi ló kọ́kọ́ wá bi léèrè bóyá ọkùnrin náà ṣeé gbé ọkọ̀ fún. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ yìí ló fẹ́ gbọ́ èsì. Ọ̀rọ̀ mi ni yóò fi ṣe ìpinnu. Ọ̀rọ̀ èmi yìí!

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Táyà ọkọ̀ ńlá ni mò ń tà. Mo kàwé o. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yaba ni mo ti jáde, ìyá mi sì fi dígí sí ìwé ẹ̀rí mi, ó gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀. Iṣẹ́ ò jáde látinú dígí yẹn. Nígbà tí bàbá mi kú, tó fi ìsọ̀ táyà sílẹ̀, mo lọ jókòó sórí àga rẹ̀, mo sì ń bá àwọn dírẹ́bà ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fẹ́ràn mi. Àwọn míì á ti Ọ̀yìngbò wá ra táyà lọ́dọ̀ mi, kì í ṣe torí táyà mi dára ju ti ẹlòmíràn lọ, torí kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín ni.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí a ṣe ń ra táyà lọ́dọ̀ wa, kí ẹ tó lè mọ bí ohun tí mo ṣe ṣe burú tó. Bí dírẹ́bà bá dé, eyín táyà ló ń wò. Eyín ni à ń pe àwọn ìlà jíjìn tó wà lójú táyà, níbi tó fi ń tẹlẹ̀. Á ti ìka bọ̀ ọ́. Bí ìka bá wọlé dáadáa, inú rẹ̀ á dùn. Á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a pẹ́ẹ́, á tẹ́tí sí i bí ẹni ń ra bàrà. Ó parí. Á ní kí n gbé e wá.

Kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ ni táyà ti ń kú. Rọ́bà dà bí awọ ara wa yìí, ó ní ọ̀rá tirẹ̀ nínú. Bí oòrùn bá ń pa á lójoojúmọ́, ọ̀rá yẹn á gbẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Wọn ì báà má tíì lò ó rí. Eyín rẹ̀ á pé, á jìn, á mú. Ó dà bí arúgbó tí eyín ẹnu rẹ̀ pé pérépéré ṣùgbọ́n tí egungun rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun.

Nọ́ńbà kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà rò pé nọ́ńbà ilé iṣẹ́ lásán ni. Èmi mọ̀ ọ́n kà. Ìwé tí ìyá mi fi dígí sí, ibẹ̀ yẹn nìkan ló ti wúlò fún mi.

Níwájú ìsọ̀ mi, àwọn táyà ńlá kan wà tí bàbá mi ti tò lé ara wọn kó tó kú. Gbogbo àwa tí a ń ta táyà la ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í yọ ara wa lẹ́nu láti kọ pátákó. Táyà tí a tò síta ni pátákó wa, a kì í sì í tà á. Oòrùn ń pa á, òjò ń pa á, jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín gbígbóná sí i lára. Àràárọ̀ la sì ń fi pọlíṣì dúdú pa á kó lè máa dán fún ẹni tó ń kọjá. Àtíkè ojú òkú ni.

Ẹ̀yin ará, táyà yẹn ni mo tà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rè é. Àlàájà kan wà tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó. Ó ní tìpá kan tó ń kó yanrìn lọ fún àwọn tó ń kọ́lé. Dírẹ́bà rẹ̀ ni mo máa pè ní Mùtíù níbí. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ jọ̀ọ́, torí orúkọ ti fojú ọkùnrin yẹn rí nǹkan, bí ẹ ṣe máa gbọ́.

Mùtíù mọ ọkọ̀ wà. Kò gbá adìẹ rí. Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ewúrẹ́ bá ń kọjá lójú títì, Mùtíù á dúró kí ìyá rẹ̀, á kí bàbá rẹ̀. Àlàájà rán an sí mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan pé kó wá gba táyà méjì tí wọ́n máa fi síwájú tìpá.

N ò ní táyà nílẹ̀. Ẹrù tí mò ń retí ò tíì dé láti èbúté. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta táyà bíi tèmi wà ní òdìkejì títì, ó jókòó, ó ń wò wá, ó sì ń fi igi ìtayín ta eyín. Mo wo ojú rẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá sọ pé kò sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Mùtíù máa gbà lọ, Àlàájà ò sì ní padà wá mọ́.

Mo ní, "Mùtíù, lọ kírun àsárì kó o tó padà wá. Àwọn táyà rẹ wà lẹ́yìn, wọ́n ń wẹ̀ lọ́wọ́."

Bó ṣe ń lọ ni mo gbé táyà méjì sọ̀ kalẹ̀ nínú èyí tí bàbá mi tò. Mo fọ̀ wọ́n. Nígbà tí pọlíṣì ọjọ́ pípẹ́ ṣí kúrò lára wọn, mo rí ojú wọn gan-an. Ẹ̀gbẹ́ wọn ti sán yíká. Ibòmíràn wà tí èékánná mi wọlé.

Mo mú sólúṣọ̀n tí àwọn fọkanáísà fi ń lẹ rọ́bà, mo po èédú kúnnákúnná mọ́ ọn, mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ bọ inú ibi tó sán, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń di ihò eku. Mo fi ayùn irin họ nọ́ńbà ọdún wọn dànù. Mo wá fi pọlíṣì pa gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹwà. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo wá sọ, kò yẹ kí n fi í pamọ́: wọ́n rẹwà, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Mùtíù dé. Ó ti ìka bọ eyín táyà, orí rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í kánjú. Ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ eléyìí ń dán jù o. Ó sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ló dé?"

Àwọn èèyàn wà níjòókòó níwájú ìsọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wà. Ọkàn mi já. Ẹnu mi ò já ní tirẹ̀. Mo ní, "Mùtíù, ṣé o fẹ́ rà á ni, àbí o fẹ́ fẹ́ ẹ?"

Ẹ̀rín bú. Ẹnì kan ní, "Ẹ bá a pe ìyá ọmọ jáde!" Òmíràn ní, "Ó ti ń wá nǹkan ìdána kiri o!"

Mùtíù rẹ́rìn-ín tìtìjú-tìtìjú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà kì í gbà fún èèyàn." Ó tún fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ táyà náà.

Mo pariwo pé, "Ọwọ́ ẹ o! Ẹ ò tíì so yìgì!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín dójú ikú. Mùtíù fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó dìde, ó gbé táyà, ó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró síbí yìí díẹ̀. Ọkùnrin náà rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kàn án. Kì í ṣe pé mo purọ́ fún un tó gbà á gbọ́. Ẹ̀rín ni mo fi lé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ohun tó fẹ́ pa á.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Òwúrọ̀ ni, oòrùn ti ràn. Mùtíù kó yanrìn kún tìpá, ó ń bọ̀ wá sí Surulere. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí bíríìjì ní Costain ni táyà iwájú lápá òsì bẹ́. Ọkọ̀ ya bàrá, ó lọ gbá irin ẹ̀gbẹ́ títì, ó dojú dé. Yanrìn bo àtíbàbà obìnrin kan tó ń ta káàdì ìpè. Ọlọ́run ló yọ obìnrin náà, ó lọ ra oúnjẹ. Apá Mùtíù ṣẹ́, orí rẹ̀ sì gbá irin. Ọjọ́ tó lajú ní ọsibítù, kò rántí nǹkan kan mọ́. Ohun tó rántí kẹ́yìn ni pé òun ń gun bíríìjì.

Mo lọ sí ọgbà tí wọ́n wọ́ tìpá náà lọ. Mo bá Àlàájà níbẹ̀, ó ń sunkún. Táyà náà wà nílẹ̀ lójú mi. Eyín rẹ̀ pé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló là gbọọrọ, èédú mi sì tò sí etí ojú ọgbẹ́ náà bíi tìróò.

Àlàájà ní, "Aláwàdà, ìwọ lo mọ táyà. Kí ló ṣe táyà tuntun tó fi bẹ́?"

Tuntun ló pè é. Mo ní, "Àlàájà, táyà kì í dédé bẹ́, àfi bí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ lọ gbá irin. Ọwọ́ tó ń wa ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè."

"Ṣé ó sùn ni?"

N ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wò bí mo ṣe gbọ́n tó. Mo ní, "Èmi ò sí níbẹ̀ o, Àlàájà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ò rántí nǹkan kan..." Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún un kó fúnra rẹ̀ parí. Ó parí rẹ̀.

Mo wá ṣe ojú àánú, mo ní kó jẹ́ kí n bá a kó àwọn táyà tó bàjẹ́ yẹn dànù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé méjèèjì lọ síbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, mo fi ta àwọn tó ń wi awọ lọ́rẹ. Táyà ni wọ́n fi ń dáná sun awọ kó tó di pọ̀nmọ́. Ẹ má bínú, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bá mi jẹ ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ mi nínú ọbẹ̀.

Ẹ ò rí i? Mo tún ti ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Àìsàn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ orúkọ ti wọlé nìyí. Nígbà tí Mùtíù jáde ní ọsibítù, tó gbé apá kọ́rùn, ó wá kí mi. Àwọn tó wà níjòókòó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ó ní, "Mo ń bọ̀ lórí bíríìjì... n ò mọ̀ mọ́. Wàláhì, n ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ẹnì kan fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ táyà. Mo gbọ́ ọ tó ní, "Àbí táyà ló..." Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre! Báwo ló ṣe máa mọ̀? Àlá ló gba sítíárì lọ́wọ́ ẹ̀!"

Ẹ̀rín tó bú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ lódìkejì títì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di Mùtíù Àlá. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí orúkọ náà fi dé ibi tí àwọn onítìpá ti ń kó yanrìn. "Àlá, ìrọ̀rí ẹ dà?" "Àlá, ṣé ká bá ẹ tẹ́ ẹní síwájú ọkọ̀?" Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti sọ̀rọ̀ tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín rí, ṣùgbọ́n n ò sọ èyí tó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Àlàájà lé e. Àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn ò gbà á. Ta ló máa gbé tìpá lé ẹni tó ń jẹ́ Àlá lọ́wọ́? Ó lọ láti ibi kan dé ibi kejì, orúkọ yẹn á sì ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, á ti jókòó, á ti mu omi.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé òun náà gbà á gbọ́. Ọjọ́ kan ló sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbìyànjú títí kí n rántí. Ó ní láti jẹ́ pé mo sùn. Kò sí nǹkan míì tó lè jẹ́." Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin oníkáàdì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ ní Mọ́ńdè àti Tọ́sídè, ó ní nítorí ẹ̀mí tí òun ì bá pa ni. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi, ó ní ọkọ òun kì í sùn dáadáa mọ́, pé bí oorun bá ti ń gbé e báyìí ni yóò gbọ̀n rìrì, tí yóò dìde jókòó. Ọkùnrin tí kò sùn nídìí ọkọ̀ rí, èmi ni mo gba oorun orí ibùsùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wá gbà á síṣẹ́ ní ìsọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí. Wọ́n ti yìn mí tó. Lẹ́mọ́mù wa dúró lórí mínbárì, ó ní kí gbogbo ìjọ wo bí mùsùlùmí òdodo ṣe ń ṣe sí arákùnrin rẹ̀ tó ṣubú. Wọ́n ṣàdúà fún mi. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Èmi náà ṣe é. Ohùn mi ló ròkè jù.

Láti ìgbà náà ló ti wà lọ́dọ̀ mi. Àràárọ̀ ló ń pa àwọn táyà iwájú ìsọ̀ ní pọlíṣì. Apá tó ṣẹ́ yẹn jiná, ó lágbára, àmọ́ kò nà tán. Bí ẹnì kan bá wá ra táyà báyìí, mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn án, mo máa ń ka ọdún rẹ̀ sí i létí. Àwọn èèyàn ní olóòótọ́ ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó ti jalè yó ló ń kọ́ni pé olè jíjà ò dára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àlàájà wọlé dé. Ó ti dàgbà. Ó jókòó, ó wo Mùtíù tó ń ṣiṣẹ́ níta, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

"Aláwàdà, Mùtíù ò jí nǹkan mi rí. Mo le mọ́ ọn jù. Mo ti ra tìpá míì, mo sì fẹ́ gbé e fún un. Ìwọ àti òun lẹ jọ ń wà láti àárọ̀. Sọ òótọ́ fún mi, ṣé ó ṣì ń sùn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó yẹ kí n sọ ò ju gbólóhùn kan lọ. Mo ya ẹnu. Ohun tí mo gbọ́ tó jáde ni, "Àlàájà, bí tìpá yín bá ní bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, kò sí dírẹ́bà tó dà bíi rẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Fún mi lésì gidi ní Jímọ́ọ̀. Bó ò bá sọ nǹkan kan, mo ti gbọ́ nìyẹn." Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ.

Mo bá ara mi sọ ọ́ pé bí mo bá sọ òótọ́ fún Àlàájà, yóò bi mí ta ló ta táyà náà fún òun, ta ló sì wo òun nígbà tí òun ń sunkún, tó ní kí òun lọ bi ọwọ́ tó ń wa ọkọ̀. Ìsọ̀ mi lè tì. Àwọn ọmọ mi á gbọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀, mo sì rí i pé mo ti jẹ ìsọ̀ yẹn tó. Mo pinnu pé Mùtíù ni kí n kọ́kọ́ sọ fún. Òun ni mo ṣẹ̀.

Àná ni mo pè é wọ ẹ̀yìn ìsọ̀. Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí: àwọn táyà tí bàbá mi tò, sólúṣọ̀n, èédú, ayùn irin, yìgì, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Àlàájà, orúkọ tí mo fún un.

Nígbà tí mo parí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ò ní í pa èèyàn o! Ẹ tún ní ayùn irin!"

Mo ní, "Mùtíù, mi ò ṣàwàdà. Wàláhì, òótọ́ ni. Ìwọ ò sùn."

Ó rí i pé n ò rẹ́rìn-ín, òun náà sì dákẹ́. Ó sún mọ́ mi, ó fi ọwọ́ tó ṣẹ́ yẹn di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí Àlàájà nígbà tó wá. Ìyàwó mi ti gbọ́ ìdí tó fi wá lẹ́nu àwọn ará Tejúoṣó. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ fẹ́ bá mi ru ẹ̀bi mi kí n lè rí ọkọ̀ wà. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Gbogbo ìgbà tí ayé kọ̀ mí, ẹ̀yin nìkan lẹ ò kọ̀ mí. N ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tìtorí mi ba orúkọ yín jẹ́. Èmi ni mo sùn."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi. N ò lè gbé e dìde. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo ti rò ó títí. Mo máa lọ bá Àlàájà ní Jímọ́ọ̀, mo máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Àlàájà á pe Mùtíù kó bi í. Mo sì mọ ohun tí Mùtíù máa sọ. Á ní irọ́ ni mò ń pa, pé àánú ló ń ṣe mí, pé òun sùn. N ò ní táyà tí n ó fi hàn án, mo ti fi dáná. N ò ní ẹlẹ́rìí. Ẹnu kan ṣoṣo tí mo ní, kò sẹ́ni tó gba ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde gbọ́ bí kò bá pa á lẹ́rìn-ín. Mùtíù á jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀ láti gbà mí sílẹ̀, wọ́n á sì gba tirẹ̀, torí olóòótọ́ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọkọ̀ á lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n á tún wá kí mi kú iṣẹ́ àánú.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé jù mí, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. N ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣáà sọ fún mi: kí ni mo lè ṣe fún ọkùnrin tí kò gbà kí n jẹ̀bi?